Ẹ̀rọ Olùkọ́ Nìkan Ni Kò Kú

Ti Bàbá Fámúrewá ló kọ́kọ́ kú. Oòrùn kò tíì gòkè kọjá òrùlé ilé-ìwé nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣú lójijì, tí bàbá náà sì ń fi ìka tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun. Kò jí. Àpótí funfun tí wọ́n gbé kọ́ orí òpó láàrin pápá pe orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tí kò bá ẹnikẹ́ni tan ní gbogbo Òkè Ìṣípò.

"Fámúrewá Ògúndélé, ẹ̀rọ yín ti sinmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde."

Bàbá pa ẹ̀rọ náà dé, ó gbé e há abíyá, ó sì dìde lórí ẹní. Ìdí ọgbà wáyà ni àwọn tí ẹ̀rọ wọn bá kú gbọ́dọ̀ lọ dúró sí, níwájú gbogbo ènìyàn, títí Ìjókòó Oòrùn, ìdánwò ẹ̀rọ ọjọ́ náà, yóò fi parí. Òun nìkan ló dá dúró síbẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé ẹ tiẹ̀ fún un ní iná rárá?" ẹnì kan bi í láti ẹ̀yìn.

"Mo fún un. Ó ti darúgbó bíi tèmi ni." Bàbá náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Fẹ́hìntọlá kò rẹ́rìn-ín. Orí ẹní kejì ló jókòó sí, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ inú rẹ̀ ti gbà á lọ́kàn pátápátá. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì í, nítorí iná tó yẹ kó wà nínú ẹ̀rọ bàbá yìí, inú ẹ̀rọ tirẹ̀ ló wà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Fẹ́hìntọlá ti mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí iná ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Ó ti pinnu pé òun ni yóò kọ́kọ́ dìde. Kí òun lọ dúró nídìí wáyà, kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Àfi bí Bàbá Fámúrewá ṣe kanlẹ̀kùn láàárọ̀, tó gbé àpótí iná oòrùn rẹ̀ lérí.

"Olùkọ́, ẹ gbé fẹ́lẹ́ yín wá."

"Bàbá, ẹ má ṣèyọnu. Iná wà nínú rẹ̀."

"Mo ti ojú fèrèsé rí i lánàá pé iná pupa ló ń tàn lára rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo wa. Kò ní dáa kó jẹ́ orúkọ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè níwájú àlejò. Ẹ gbé e wá, jàre."

Kí lèèyàn fẹ́ fi dá irú bàbá bẹ́ẹ̀ lóhùn? Ó gbé e wá. Bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ròyìn ẹ̀gẹ́ tó gbìn àti ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹ́, títí àpótí iná náà fi gbẹ táútáú. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣí pápá ló tó rántí pé òun náà ní ẹ̀rọ nílé.

Fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ìjọba ń pín fún wọn. Ó fúyẹ́ débi pé arúgbó lè gbé e kọ́ èjìká láti àárọ̀ dalẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ rí, nítorí láti ìgbà tí òkun ti lé wọn wá sórí òkè, ẹ̀rọ omi kò mọ ojú ẹnikẹ́ni mọ́, fẹ́lẹ́ ló mọ̀. Ilé ìwòsàn náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní tirẹ̀ lọ́wọ́, àfi kó máa bẹ aládùúgbò kó bá òun ṣí omi. Òfin sì wà lórí bó ṣe gbọ́dọ̀ wúwo mọ. Wọ́n ti gbé gbogbo rẹ̀ lé òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà pápá láàárọ̀ yẹn. Kó lè fúyẹ́, kó sì má wọ́n, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ti yọ èyí, wọ́n ti gé tọ̀hún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojú àti bọ́tìnnì nìkan ló kù lára rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Jáiyésimi ni ilé-iṣẹ́ náà rán wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo àgbà kó tó lọ jókòó sábẹ́ agboòrùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì kó tó ka òfin sí wọn létí, bí nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún ọmọ lábẹ́rẹ́.

"Ẹ̀yin òbí mi, bí gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbí bá kú kí òjìji òpó yìí tó wọ abẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé àwa la jẹ̀bi. A máa tún un ṣe bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan péré bá ṣì ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ẹ̀rọ wa dára, ìlò rẹ̀ ló kù tẹ́ ẹ máa kọ́. A ò tún ní gbọ́ ẹjọ́ lórí ẹ̀ mọ́, àfi tí wọ́n bá pín òmíràn."

Ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ fẹ́lẹ́ wọn. Kò sí èyí tó lè fojú kan ọ̀sán. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé ọ̀kan wà níbẹ̀ tó lè fojú kan alẹ́.

Àpótí orí òpó ń pe iṣẹ́ fún wọn. Ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ ṣí ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ẹ wo bí omi ṣe kù sí. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì kú, bó bá ti dé ìdí wáyà, àpótí náà á bi í ní ohun tó fẹ́ kó yàtọ̀ nínú ẹ̀rọ tuntun. Bàbá Fámúrewá ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Kí n máa rí ojú rẹ̀ nínú oòrùn. Inú yàrá kọ́ ni mo ti ń ṣoko."

Kíkẹ́lọmọ, aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí pápá, ni tirẹ̀ kú ṣìkejì. Ó fa ìró sókè díẹ̀, ó fi ojú àpá han àpótí náà ní itan rẹ̀, bí ẹni pé ó lójú. "Ó máa ń gbóná. Mo gbé e lé itan, ó jó mi. Mo gbé e lé ìrọ̀rí, ó tún gbóná jùyẹn lọ. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i."

Múfútáù tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe gbé tirẹ̀ bọ̀, okùn ọ̀rá ni ó fi so ojú rẹ̀ mọ́ ìdí. Ó ní ibi tó ti ń ṣí tó ń padé kò tó ọdún kan tó fi já. Ó ní ihò kan ṣoṣo ló tún wà lára rẹ̀: bí òun bá ń fún un ní iná, òun kò lè so ó mọ́ ẹ̀rọ omi, bí òun bá so ó mọ́ ẹ̀rọ omi, kò ní iná. "Ihò méjì ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún," ló wí. "Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ fi wúrà ṣe é."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, Ọ̀gbẹ́ni Jáiyésimi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ń dùn lọ nídìí wáyà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi nǹkan wọ̀nyí sínú, tí kálukú rò pé òun nìkan ni tòun ń ṣe báyẹn. Fẹ́hìntọlá ń gbọ́ wọn, ó sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀ sókè lábẹ́ ọwọ́. Ó ti gbé e dé òkè pátápátá. Ó ṣí ẹ̀kọ́ mẹ́fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí iná rẹ̀ lè tán. Ẹ̀rọ náà kò tiẹ̀ gbóná.

"Ẹ pe dókítà," ni àpótí wí.

Iṣẹ́ yìí ni gbogbo fẹ́lẹ́ kì í fẹ́ ṣe. Bí ojú dókítà ti ń hàn ni ojú ẹ̀rọ ń ṣú, ní iwájú, ní ẹ̀yìn, títí àpótí fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ lé orúkọ. Ti Ewúọlá wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ariwo pápá náà rọlẹ̀.

Ewúọlá ni agbẹ̀bí wọn tẹ́lẹ̀. Ní ìgbà òjò tó kọjá, ó ń gbẹ̀bí fún obìnrin kan nísàlẹ̀ òkè, dókítà wà lójú fẹ́lẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ohun tó yẹ kó ṣe, ẹ̀rọ náà sì kú láàrin ọ̀rọ̀. Ìyá yè. Ọmọ kò yè. Àwọn aláṣẹ wá, wọ́n bi í pé kí ló mú kí iná tán, ó ní òun kò mọ̀. Wọ́n wá bi Fẹ́hìntọlá, tó ń kọ́ àdúgbò ní ìlò ẹ̀rọ, bóyá tirẹ̀ náà máa ń kú bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Tèmi ń ṣe dáadáa. Ó wà lọ́wọ́ bí èèyàn bá ṣe ń lò ó." Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe gba àmì agbẹ̀bí lọ́wọ́ Ewúọlá, tó fi di ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ fún Bàbá Fámúrewá.

Ewúọlá dé ìdí wáyà. Àpótí bi í ní ohun tó fẹ́.

"Kó má kú nígbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́," ló wí. Àpótí bi í bóyá ó tún kù. Ó ní kò kù.

Fẹ́hìntọlá gbé ojú sílẹ̀. Ara rẹ̀ ń ṣe é bí ẹni pé wọ́n bọ́ ọ láṣọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó tíì wo ibi tó wà.

Wọ́n wò ó láìpẹ́. Ẹní ti ṣófo. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ṣì ń tàn, òjìji òpó sì ti kúrú dé ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. "Olùkọ́ wa nìyẹn," Kíkẹ́lọmọ kígbe láti ìdí wáyà. Lẹ́yìn náà ni Múfútáù yẹ òjìji òpó wò, ó sì yẹ ẹ̀rọ olùkọ́ wò, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ nǹkan sí Kíkẹ́lọmọ létí. Àtẹ́wọ́ náà dá.

Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà, Fẹ́hìntọlá nìkan ló mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, fẹ́lẹ́ rẹ̀ máa ń kú lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì máa fojú sọ̀rọ̀ síra wọn. Kò lè gbà á. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ àwọn ọ̀gá ìjọba, mú bátìrì àwọn ọ̀gá, tó lágbára tó sì wúwo ju ti fẹ́lẹ́ lọ, bọ̀ wálé, ó tú fẹ́lẹ́ náà, ó sì yọ sípíkà rẹ̀ dànù kí òṣùwọ̀n má baà fura. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn fẹ́lẹ́ Olùkọ́ mọ́, ohun ìgbọ́hùn kékeré kan tó ń kì bọ etí ló fi ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá béèrè, á ní òun pa ohùn rẹ̀ kó má baà jẹ iná. Wọ́n á ní, "Háà, a ò mọ̀." Ìdajì àdúgbò ló ti pa ohùn tiwọn nítorí rẹ̀, tí wọ́n ń tẹ etí mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí.

Òjìji òpó wọ abẹ́ òpó. Àpótí funfun kọrin kékeré kan.

Ọ̀gbẹ́ni Jáiyésimi bọ́ sí pápá. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fẹ́hìntọlá. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn lóòótọ́, kò ṣe àdàkàdekè. Ó dìde, ó kọjú sí ìdí wáyà.

"Ẹ̀yin òbí mi, ẹ má bínú. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe gbogbo rẹ̀, ìwúwo kan náà ni, àdúgbò kan náà lẹ ti ń lò ó. Ẹ rí tìyá yìí. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀, ó tán." Ó yíjú sí i. "Màmá, a máa fẹ́ kẹ́ ẹ lọ máa kọ́ àwọn àdúgbò tó kù. A máa fún yín ní ilé nísàlẹ̀ òkè. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn báyìí, bí ẹ ṣe ń ṣe é."

Fẹ́hìntọlá dìde. Gbogbo wọn ló wà nídìí wáyà yẹn, wọ́n há ẹ̀rọ wọn mọ́ abíyá nínú oòrùn, wọ́n sì ń wò ó. Kò rí ìbínú lójú wọn. Wọ́n ń wò ó bí wọ́n ṣe máa ń wò ó ní kíláàsì. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ tó sì ti sọ tipẹ́tipẹ́ ló jáde fúnra rẹ̀.

"Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Ohun tí ẹ ò bá lò, ẹ pa á dé. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ láì..."

Ó rí Ewúọlá. Ewúọlá ń mi orí sí gbogbo rẹ̀, ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ ọ́n lórí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa ń dín in kù," Ewúọlá wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Lọ́jọ́ yẹn náà mo dín in kù. Mo pa gbogbo nǹkan tó kù dé, mo pa ohùn ẹ̀, etí ni mo tẹ̀ mọ́ ọn tí mo fi ń gbọ́ dókítà, ọwọ́ mi kan ṣoṣo ló wà lára ìyá ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù tí mi ò ṣe? Mo ti rò ó títí. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni."

Ọ̀gbẹ́ni Jáiyésimi wolẹ̀.

Fẹ́hìntọlá lè dáhùn. Ìdáhùn pọ̀ lẹ́nu olùkọ́. Ó lè sọ pé òjò ni, pé òtútù máa ń jẹ iná, Ewúọlá á sì gbà, á tún lọ fi ìyẹn kún ohun tó ń rò. Ilé wà nísàlẹ̀ òkè tó ń dúró dè é. Bó bá sì sọ òótọ́, wọ́n á gba fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbí yìí, torí òfin kò gbà kẹ́nikẹ́ni tú u. Kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kò ní lè ṣí omi tirẹ̀ mọ́. Ó mọ gbogbo èyí. Ó tún mọ̀ pé ojú tó ń ti òun yìí, Ewúọlá ló ti ń bá òun rù ú láti ìgbà òjò, láìmọ̀ pé tirẹ̀ kọ́ ni.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó dojú fẹ́lẹ́ rẹ̀ dé orí ẹní. Ó yọ irin orí rẹ̀ kan, èyí tó fi di irun mú, ó sì fi tú ìdè ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin náà ń yọ̀, kò sì sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, ó gbé e sókè kí wọ́n rí i: bátìrì dúdú tí òǹtẹ̀ ilé àwọn ọ̀gá wà lára rẹ̀, àti ihò òfìfo níbi tó yẹ kí sípíkà wà.

"Kò sí ohun tó kù tí o ò ṣe, Ewúọlá," ló wí. "Ohun tó wà nínú tèmi kò sí nínú tìrẹ. Kò sí nínú ti ẹnikẹ́ni níbí. Mi ò mọ ẹ̀rọ lò jù yín lọ. Mo purọ́ fún yín ni. Nígbà tí àwọn aláṣẹ wá bi mí, mo purọ́ mọ́ ọ, nítorí pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Jáiyésimi gba ẹ̀rọ náà, ó yẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ wò pẹ́. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ló fi í síbẹ̀ fún yín, mà?"

"Ó ti kú. Èmi tí mò ń lò ó ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fa bátìrì náà yọ. Ojú fẹ́lẹ́ Olùkọ́ ṣú, àpótí orí òpó sì pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe pe ti gbogbo ènìyàn. "Fẹ́hìntọlá Adégòkè, ẹ̀rọ yín ti sinmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde." Ó ti wà lórí ìdúró tẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jáiyésimi kéde pẹ̀lú ohùn kékeré pé kò sí fẹ́lẹ́ kankan tó rí ọ̀sán ní Òkè Ìṣípò, àti pé ilé-iṣẹ́ òun gbà pé ẹ̀rọ náà kò tó. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Fẹ́hìntọlá rìn lọ sídìí wáyà, níbi tó yẹ kó ti wà láti àárọ̀. Wọ́n sún fún un, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ewúọlá kò wò ó. Ó ti kọjú sí ọ̀nà ìsàlẹ̀ òkè, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Bàbá Fámúrewá nìkan ló sún mọ́ ọn. Fẹ́lẹ́ rẹ̀ tó ti kú wà lábíyá rẹ̀ síbẹ̀.

"Iná tí mo gbé wá láàárọ̀ yẹn," ló wí, "ṣé ẹ̀rọ yẹn tiẹ̀ nílò ẹ̀?"

Fẹ́hìntọlá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. "Kò nílò ẹ̀, bàbá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí iná ẹ̀ lọ sílẹ̀ ni, kí n lè kọ́kọ́ dìde."

Bàbá mi orí. Ó ro ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, bó ṣe ń ro ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Tí omi bá tán nílé lọ́la, wá kanlẹ̀kùn mi, màá bá ọ ṣí i." Ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ dúró ti Ewúọlá.